Ajá Tó Ń Tiro Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ẹ̀sùn tí àwọn ará ilé sábà máa ń fi kan ajá àgbà kò ju ẹyọ kan lọ: wọn a ní ó ti ya ọ̀lẹ. Ajá tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ àlejò bá ti ń dún lẹ́yìn géètì ló ti ń fò sókè, yóò dédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú lásán wo ẹni tó ń wọlé. Yóò gbó lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún gbé àgbọ̀n lé ọwọ́ iwájú. Ẹnì kan a ní oúnjẹ ló pọ̀ jù fún un. Òmíràn a ní ọjọ́ orí ti dé. Ẹlòmíràn a fura pé àwọn olè ti fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ó ṣọ̀wọ́n kí á tó rí ẹni tí yóò béèrè bóyá ìrora ni kò jẹ́ kí ajá náà dìde.

Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn ajá kan ní Ìbàdàn fún nǹkan bí oṣù 6. Ìfura ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yà tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Alsatian ni, ajá darandaran ilẹ̀ Jámánì, ọmọ ọdún 9. Bàbá onílé ló mú un wálé nígbà tó wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ 7, òun náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Láyé àtijọ́, orúkọ ajá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Ẹni tí aládùúgbò bá ń yọ lẹ́nu lè fi òwe sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, kí ó sì máa fi ohùn rara pè é ní gbangba kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí lè gbọ́. Bingo àti Jack ló wá kún ìgboro báyìí. Bàbá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà ní tirẹ̀. Ó kàn gbà pé ìfura loògùn àgbà ni.

Ìyàwó rẹ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ojú tó sì fi wo aláìsàn ní wọ́ọ̀dù fún ọdún 35 kò tíì ṣá. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé ohun tó ń ṣe ajá náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ṣàkíyèsí pé ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ọwọ́ iwájú ni Ìfura fi ń fa ara rẹ̀ dìde, tí ìdí yóò sì máa wọ́ tẹ̀ lé e bí ẹrù tí ẹlòmíràn dì sí i lẹ́yìn. Bó bá ti rìn díẹ̀, ara rẹ̀ a dẹ̀, a sì dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Bó bá fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló ń gbé papọ̀, bí ehoro. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà. Ajá tó máa ń fò ó kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti wá ń dúró nísàlẹ̀, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń ro owó. Ó ń lá ìgbáròkó rẹ̀ títí irun ibẹ̀ fi pọ́n. Ní ọjọ́ tí ọmọ-ọmọ ìyá náà fọwọ́ bà á níbàdí, ó kùn mọ́ ọn. Ọmọkùnrin náà, ẹni tí òun àti ajá yìí jọ dàgbà, sá sẹ́yìn.

“Màmá, orí Ìfura ti yí o,” ni ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Orí kankan kò yí. Ajá kì í sábà sunkún nítorí ìrora oríkèé, ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, yóò ké tí gbogbo àdúgbò yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n ìrora tó ń yọ́ wọlé, tó sì ń pẹ́, ńṣe ni yóò gbé e mì. Ìyípadà ìwà ni yóò fi sọ ọ́: kò ní í bá ènìyàn ṣeré mọ́, yóò máa sùn jù, yóò máa bínú sí ọwọ́ tó ti ń tọ́ ọ láti kékeré. Ẹni tó bá ń dúró de igbe kí ó tó gbà pé ajá òun ń jẹ̀rora yóò dúró pẹ́.

Làkúrègbé ló ń ṣe Ìfura. Àìsàn yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ nínú ajá sí bó ṣe rí nínú ènìyàn. Níbi tí eegun méjì ti pàdé, ohun rírọ̀ kan tó ń dán ló bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, omi tó ń yọ̀ bí ilá sì wà láàrin, kí èkíní má baà máa ha èkejì. Nígbà tí ohun rírọ̀ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, oríkèé a wú, eegun tuntun tó rí págunpàgun a hù yí etí rẹ̀ ká, iṣan itan a sì máa joro nítorí pé ẹranko náà kò fẹ́ lo ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Ohun tó bá ti jẹ kì í padà bọ̀ sípò. Kò sí oògùn tó ń wo àìsàn náà tán, ẹni tó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀, owó ló ń wá. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ìrora dínkù, kí ẹsẹ̀ ṣì wúlò, kí ìbàjẹ́ náà sì fà sẹ́yìn. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹ̀dá tí gbogbo ayé rẹ̀ kò ju ọdún 10 sí 13 lọ.

Ibi tí ti ajá gbà yàtọ̀ ni pé, nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọjọ́ ogbó kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀yà ńlá bí Alsatian, Rottweiler, Boerboel àti Labrador, ìgbà ọmọdé ni ọ̀ràn ti ń ṣẹlẹ̀: orí eegun itan kò wọ ihò ìgbáròkó dáadáa, bí ìdérí tí kò bá ìkòkò rẹ̀ mu. Bí ajá bá ti ń rìn ni yóò máa mì nínú ihò náà, lọ́dọọdún, títí yóò fi jẹ. Ìran ló ń gbé àbùkù yìí kiri. Ní ọdún 1966, ọlọ́rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe, John Olin, dá àjọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn tó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ajá ọdẹ rẹ̀ ní àbùkù yìí. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti máa yẹ àwòrán ìgbáròkó ajá wò kí olówó rẹ̀ lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí ó bímọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó fẹ́ ra ọmọ ajá a béèrè bóyá etí rẹ̀ yóò dúró ṣánṣán, a béèrè àwọ̀, a béèrè iye. Ìgbáròkó ìyá àti bàbá rẹ̀ kì í wọ inú ọ̀rọ̀. Àwọn olùtọ́jú mìíràn tún ń da oògùn kálísíọ́ọ̀mù lé oúnjẹ ọmọ ajá ńlá kí eegun rẹ̀ lè tètè le, bẹ́ẹ̀ ikùn ọmọ ajá kò lágbára láti kọ èyí tó bá pọ̀ jù sílẹ̀, àpọ̀jù náà sì ń ba eegun tó ń dàgbà jẹ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà nínú oúnjẹ Ìfura fún ọdún kan gbáko nígbà tó wà lọ́mọdé. Bàbá onílé rò pé oore ni.

Ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ dé etí ìyá náà kò jọ ti oníṣègùn. Àkọ́bí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láago láti Èkó: “Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ra òmíràn. Ajá tí kò lè dìde kò lè ṣọ́ yín.” Ọkùnrin kan tó ń ra ajá fún àwọn tó ń sè é tà yà lẹ́nu géètì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní Ìfura sanra dáadáa, òun yóò sanwó ọ̀wọ̀. Kò sí ohun àjèjì nínú ìyẹn. Ajá ni ẹran Ògún láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá sì ń jẹ ẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìlú kan náà ló ní ọdẹ, ọdẹ kò sì ka ajá tó bá a wọ igbó kún ẹran ọbẹ̀. Ajá tó so ṣaworo mọ́ ọrùn, tó ti bá olówó rẹ̀ lé ẹtu àti ìgalà, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ará ilé lẹ́yìn tó kú. Ìyá náà dá ọkùnrin náà lóhùn pé ẹran kò sí nílé òun.

Àwọn tí kò tà á, wọ́n á kàn ṣí géètì, wọ́n á sì lé e síta. Abala 495 nínú ìwé òfin ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 tàbí kí ó san ìtanràn náírà 50. Náírà 50 kò lè ra búrẹ́dì tó kéré jù lọ́jà.

Ewu tó sún mọ́ ajá tó ń tiro jù lọ kò sí níta, inú àpótí oògùn ilé ló wà. Ẹni tí làkúrègbé ti ń yọ lẹ́nu fúnra rẹ̀ mọ ohun tó máa ń gbé mì: ibuprofen, diclofenac, naproxen, Panadol. Ó rí ajá rẹ̀ tó ń wọ́ ẹsẹ̀, àánú ṣe é, ó sì dá oògùn tirẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì sínú ẹran. Ara ajá kì í tú àwọn oògùn wọ̀nyí palẹ̀ bí ti ènìyàn. Èyí tó ń fún ènìyàn ní ìtura lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn ajá, kí ó sì mú kíndìnrín rẹ̀ dákẹ́ iṣẹ́. Paracetamol ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ajá náà yóò máa bì, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò dúdú bí ọ̀dà, kò ní í jẹun, olówó rẹ̀ yóò sì rò pé làkúrègbé náà ló le sí i. Ìpara tó ń ta bí ata tí àwọn àgbà ń fi ra orúnkún kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ajá yóò lá gbogbo rẹ̀ kúrò lára, yóò sì gbé e mì. Òrí lásán kò lè pa á lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní í wò ó sàn. Bí inú rere bá ń pa ajá, irú èyí ló ń pa wọ́n.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá yìí. Ó mọ̀ pé oògùn tí òun mọ̀, ti ènìyàn ni. Ó fi bébà wé àwọn tó ń lò fún orúnkún ara rẹ̀, ó kó wọn dání lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko.

Dókítà tó bá níbẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá náà, kò sì tíì dìde tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ajá. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí ọmọ-ọmọ ìyá náà mú un rìn lọ sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó sì mú un padà, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó jẹ́ kí ó jókòó, kí ó jẹ́ kí ó dìde.

“Ẹ wò ó, Mà,” ó ní. “Àyà rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ ti ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, itan rẹ̀ sì ti gbẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ẹrù ẹ̀yìn fún ọwọ́ iwájú. Ẹ ò fún un ní nǹkan kan lò?”

“Mi ò tíì fún un, ọmọ mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá béèrè. Àwọn tí mo ní nílé nìyí.”

Dókítà tú bébà náà, ó sì ya gbogbo wọn sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ẹ máa lo tiyín. Kò sí èyí tó lè jẹ níbẹ̀.”

Lẹ́yìn èyí ni ó fa ẹ̀jẹ̀. Ìyá náà rò pé àwòrán eegun ni wọn yóò kọ́kọ́ yà, ṣùgbọ́n dókítà náà ń wá eégbọn. Nílẹ̀ wa, kì í ṣe gbogbo ajá tó ń tiro ni làkúrègbé ogbó ń ṣe. Kòkòrò àìsàn kan wà tí eégbọn ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Ehrlichia. Ó ń mú ibà wá, ó ń gba okun, oríkèé sì lè máa dun ajá nítorí rẹ̀. Oògùn doxycycline ń ṣẹ́gun rẹ̀ bí wọ́n bá tètè mọ̀. Ajá mélòó ni wọ́n ti pè ní arúgbó, tó jẹ́ pé eégbọn ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ Ìfura mọ́ ní tirẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Àwòrán eegun wá fi ìgbáròkó méjèèjì hàn: ihò tó yẹ kí ó jinlẹ̀ bí ife ti pẹlẹbẹ bí àwo, eegun págunpàgun sì yí i ká.

Wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Kìló 44. Dókítà ní 36 ló yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ dé ibi tí ojú ti ń ti àwọn olówó ajá. Ẹ̀bà tó ṣẹ́kù lálẹ́ ni Ìfura ń jẹ, pẹ̀lú ọ̀rá ẹran tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Láràárọ̀, búrẹ́dì tí wọ́n rì bọ tíì oní-mílíìkì. Nínú gbogbo ohun tó lè ran ajá onílàkúrègbé lọ́wọ́, kò sí èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára tó kí ara rẹ̀ fúyẹ́. Ilé iṣẹ́ Purina ní Amẹ́ríkà tọ́ ajá Labrador 48 láti ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 títí wọ́n fi kú. Méjì-méjì ni wọ́n pín wọn, ọmọ ìyá kan náà, èkejì sì ń jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí èkíní ń jẹ. Ní ìṣirò tí wọ́n gbé kalẹ̀, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yọ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Ààrin gbùngbùn ọjọ́ orí àwọn tó jẹun jù jẹ́ ọdún 11.2, ti àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù jẹ́ ọdún 13. Ní ti làkúrègbé, ìdajì àwọn tó jẹun jù ti ń gba ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pé ọdún 10.3; àwọn ẹgbẹ́ wọn kò dé ipò yẹn títí di ọdún 13.3. Ọdún mẹ́ta gbáko, láìsí oògùn kankan. Ìwádìí mìíràn tún fi hàn pé bí ajá tó sanra tó sì ń tiro bá ti fọn tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún péré, ìtiro náà á dínkù. Lára Ìfura, ìyẹn kò tó kìló 3.

“Kò burú, àmọ́ kí ni yóò wá máa jẹ?” ni ìbéèrè ìyá náà, nítorí pé ní ilé Yorùbá, ẹni tó bá dín oúnjẹ aláìsàn kù, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́.

Wọ́n dín ẹ̀bà kù sí ìlàjì, wọ́n fi ẹ̀wà rírọ̀ díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ kún un. Búrẹ́dì àti tíì parí lọ́jọ́ kan náà. Ẹja ni dókítà náà tẹnu mọ́, pàápàá ẹja Titus tí wọ́n ń tà nínú yìnyín, nítorí òróró inú rẹ̀ máa ń rọ oríkèé tó wú lójú. Kí wọ́n bọ̀ ọ́ ní omi lásán, láìfi iyọ̀ àti ata sí i, kí wọ́n má ṣe fi àlùbọ́sà kàn án rárá, nítorí májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá. Àwọn oògùn glucosamine olówó ńlá tí wọ́n ń polówó fún eegun ajá, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn wọn kò lágbára. Owó ìgò kan yóò ra ẹja tó pọ̀.

Ọmọ-ọmọ ìyá náà ló kọ́kọ́ rí ohun tí ilé fúnra rẹ̀ ń ṣe fún ajá náà. Táìlì ló bo gbogbo ilẹ̀, èyí tó ń dán tí ènìyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Iyì ilé ni, ìyà ajá sì ni. Ẹranko tí ìgbáròkó ń dùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì bó bá fẹ́ dìde, yóò kúkú dùbúlẹ̀. Ọmọkùnrin náà gé rọ́ọ̀gì àtijọ́, ó tẹ́ ẹ láti ibi tí Ìfura ń sùn dé ẹnu ọ̀nà, bí ojú pópó kékeré kan. Fóòmù tí òun fúnra rẹ̀ ti lò ní ilé ẹ̀kọ́ di ibùsùn ajá dípò sìmẹ́ǹtì tútù. Káfíńtà fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sórí àtẹ̀gùn mẹ́ta náà, ó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, ó sì gba owó tó ju bó ti yẹ lọ nítorí pé ó gbọ́ pé ajá ni wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ lé àpótí kékeré kí ó má baà máa tẹ ọrùn jù. Wọ́n gé èékánná rẹ̀ tó ti gùn débi pé kò lè tẹlẹ̀ dáadáa.

Ìyípadà tó le jù ni ti ìrìn. Bí ọ̀pọ̀ ajá ìṣọ́lé, inú àgò ni Ìfura máa ń wà láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ nígbà tí géètì bá tì. Oríkèé tó bá wà lójú kan fún wákàtí 12 a máa le bí ẹ̀bà àná. Ẹni tó bá sì fẹ́ san gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, tó bá a sáré títí ó fi ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, yóò rí i pé kò ní í lè dìde lọ́jọ́ Àìkú. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni ìrìn tó dára, ní ìwọ̀n kan náà. Ìyá náà, tí orúnkún tirẹ̀ náà nílò rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ajá náà rìn fún ìṣẹ́jú 10 kí aago méje àárọ̀ tó lù, kí ọ̀dà tó gbóná, àti ìṣẹ́jú 10 mìíràn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Àwọn aládùúgbò rí arúgbó méjì tó ń tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Oògùn náà ní àyè tirẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yẹra fún. Carprofen ni dókítà kọ fún Ìfura. Oògùn yìí ti kọ́kọ́ jẹ́ ti ènìyàn rí, kí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún ajá ní ọdún 1996. Meloxicam náà jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ajá ń lò ó, ní ìwọ̀n tí òṣùwọ̀n bá sọ, wọn a sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Bí ó bá bì, bí kò bá jẹun, tàbí bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú, kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n sì pe dókítà. Ohun kan wà tí dókítà náà sọ lẹ́ẹ̀mejì: kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún Ìfura ní abẹ́rẹ́ dexamethasone tàbí irú rẹ̀ nígbà tó bá ń lo oògùn yìí. Àwọn alábẹ́rẹ́ kiri fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ kejì ajá yóò dìde bí ẹni tó jí dìde, wọn yóò sì gba owó wọn lọ. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ikùn kan, ọgbẹ́ tó lè lu ìfun ni wọ́n ń dá. Abẹ́rẹ́ tuntun kan tún wà, Librela, tí wọ́n ń gún ajá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2020, Amẹ́ríkà ní 2023, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sì tún kìlọ̀ ní ìparí ọdún 2024 nípa àwọn ajá tí ara wọn kọ̀ ọ́. Dókítà kò fi lọ Ìfura.

Ó gba oṣù 4 kí òṣùwọ̀n tó sọ kìló 39. Ìfura kò di ọmọ ajá padà. Ó ń gun pákó náà fúnra rẹ̀, ó ń gbó sí ẹni tó ń ta gààrí, ọmọkùnrin náà sì tún lè fi ọwọ́ bà á níbàdí. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà, pàápàá nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ tàbí tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí wọ́n ní láti fi aṣọ ìnura gbá a nísàlẹ̀ ikùn kí ó tó dìde.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe bi ìyá náà ní ìbéèrè kan nígbà tí wọ́n padà lọ. “Mà, kí ni nǹkan mẹ́ta tí Ìfura fẹ́ràn jù láyé?”

Ìyá náà ronú díẹ̀. Ó ní ó fẹ́ràn láti gbó sí onígààrí. Ó fẹ́ràn láti dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó sì fẹ́ràn oúnjẹ, bí gbogbo ajá.

“Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan. Lálaalẹ́, kẹ́ ẹ máa sàmì sí èyí tó bá ṣe nínú wọn. Ìwé yẹn ló máa sọ fún wa, kì í ṣe ojú yín, torí pé ojú yín á máa bẹ̀bẹ̀ fún un.”

Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìwé yẹn yé àwọn méjèèjì. Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ Yorùbá láti gbà pé ènìyàn lè ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀dá lọ sùn, nítorí pé ọlọ́jọ́ ló ni ọjọ́. Wọ́n rí i bí ìkà. Àwọn kan náà sì ń wo ajá tí kò lè dìde mọ́ nínú ìtọ̀ ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá náà ti wo ènìyàn tó pọ̀ kú ní wọ́ọ̀dù, ó sì ní èrò tirẹ̀ lórí èyí tó jẹ́ ìkà nínú méjèèjì.

Nínú oṣù Èbìbí, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ní ọjọ́ 22 nínú 31. Ó fi ìwé náà han dókítà, ó sì ní ohun kan tó fẹ́ kí wọ́n kọ sínú fáìlì Ìfura.

“Ọjọ́ tí mo bá pè yín pé ó tó, ọmọ mi, ilé ni kẹ́ ẹ wá bá wa o. Orí rọ́ọ̀gì rẹ̀ ni mo fẹ́ kó wà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fà á gba orí táìlì yín yìí.”

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.